Ohun Tó Sọ Omi Princess Di Pupa

Ní ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ lẹ́nu pọ́ńpù tí Tàjùdéèn ṣe sí iwájú ilé rẹ̀ ní Jallah Town, ní Monrovia, omi náà mọ́ gaara. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé korobá dé, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Tàjùdéèn tó ti darúgbó sì fara ti ògiri, ó ń fi fìlà nu ojú bí ẹni pé òógùn ló ń nù. Sàárà ni ó fi omi náà ṣe fún Princess, ìyàwó rẹ̀, ọmọ bíbí Liberia tí ó fẹ́ nígbà tí ogun rọlẹ̀, tí ó sì kú ní èṣí. Omi pípọn ni Princess fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Á jí, á gbé korobá lérí, á gun òkè, á sọ̀, kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ pàápàá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ó bá lajú ni pé, "Tàjù, ṣé omi wà nílé?"

Ìdí nìyẹn tí Tàjùdéèn fi ní kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì gbé pọ́ńpù lé e, kí ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè wá mu níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Bí omi bá ti ń jáde, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ di ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀, á wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹrẹ̀ pupa rúsúrúsú á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí korobá. Aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀, á pọ́n. Ìrẹsì tí wọ́n bá fi sè, á rí lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n lá ìṣó.

Ma Kebbeh ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn jáde. Ilé rẹ̀ fara kan ti Tàjùdéèn, òun àti Princess sì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ kí Princess tó bí ọmọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé korobá rẹ̀ padà wá sí ìdí pọ́ńpù, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yíjú sí bàbá náà.

"Ol' Pa," ó wí ní èdè òyìnbó Liberia tí gbogbo wọn jọ ń sọ, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà níbẹ̀, "ẹ má bínú sí mi o. Mi ò lè mu omi yìí. Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ẹ mọ̀. Ẹ wà níbí nígbà yẹn. Ẹ̀yin ṣọ́jà ECOMOG rí ohun tó wà nílẹ̀ ìlú yìí ju àwa tí a sá lọ. Àbúrò mi ọkùnrin jáde nílé pé òun ń lọ wá ìrẹsì, títí di òní a ò rí i, a ò rí òkú rẹ̀. Ṣé kí n wá máa fi korobá pọn ọ́n wálé?"

Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.  Àwọn tó kù gbé korobá wọn, wọ́n sì yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà jíjìn tí Princess ń rìn tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn padà sí.

Tàjùdéèn wọlé, ó mú gèlè Princess kan tó ti gbó, ó fi so ọwọ́ pọ́ńpù náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kọ omi rẹ̀ ló dùn ún jù. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun náà gba ọ̀rọ̀ Ma Kebbeh gbọ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Tàjùdéèn, awakọ̀ lọ́rì sì ni nínú àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun Liberia. Ní àsìkò tí ebi mú Monrovia, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti di olóògbé báyìí ni wọ́n ń fi lọ́rì kó àwọn òkú tí wọ́n bá bá lójú títì, tí wọ́n sì ń lọ sin wọ́n sí etí irà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò yìí. Kò sọ ọ́ fún Princess tán kó tó kú. Kò sọ ọ́ fún ọmọ wọn rí. Nígbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ sàmì sí ibi tí wọ́n á gbẹ́ kànga sí, kò tilẹ̀ rántí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ó bá ti bu oúnjẹ sẹ́nu, omi pupa yẹn ni ó ń rí, á sì ti àwo sẹ́yìn.

Fẹ̀hìntọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Princess bí fún un, a máa wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìmọ̀ nípa òkúta àti ohun inú ilẹ̀ ni ó kọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan ní àdúgbò Sinkor tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò òkúta. Nígbà tí ó dé ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, pọ́ńpù ni ó kọ́kọ́ rí.

"Dádì, ta ló so gèlè Mọ́mì mọ́ pọ́ńpù?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

Tàjùdéèn sọ ohun tí Ma Kebbeh wí. Ó ti ń retí pé ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó kàwé ni, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó ti tóbi jù ú lọ.

"Ẹ̀yin náà ń kọ́, Dádì? Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Bàbá náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti darúgbó. Èrò mi kò já mọ́ nǹkan kan."

Fẹ̀hìntọlá kò tún béèrè. Ó lọ kúnlẹ̀ ti korobá kan tí omi ti wà nínú rẹ̀ láti ìjẹta. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan léfòó lójú omi náà, ó ń dán bí ìgbà tí epo mọ́tò kán sí ojú adágún omi. Ó fi ìka kàn án, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ ìdí korobá, ó bu ẹrẹ̀ náà, ó fi àtàńpàkò ra á. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn tó gbẹ́ kànga kó òkúta àti yẹ̀pẹ̀ sí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tú u títí ó fi rí èyí tó wù ú. Òkúta kan ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ó ṣe kókó-kókó lára, ó sì dúdú, ó ń dán. Níbi tó ti là, inú rẹ̀ rí fọ́nrán-fọ́nrán bí ara igi tí wọ́n là.

"Mo fẹ́ mú òkúta yìí àti ẹrẹ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀yin náà ẹ ó sì tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Ajé."

"Kí ni kí n wá ṣe níbẹ̀? Lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí o wá sọ fún mi."

"Rárá o. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní mò ń tù yín nínú ni. Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó."

Ní ọjọ́ Ajé, Tàjùdéèn wọ agbádá rẹ̀ kékeré tó máa ń wọ̀ lọ sí mọ́sálásí. Ọmọ rẹ̀ fi í jókòó sórí àga gíga kan nínú yàrá àyẹ̀wò náà, ó sì fi òkúta dúdú yẹn lé e lọ́wọ́.

"Àwọ̀ wo lẹ rí, Dádì?"

"Dúdú ni."

"Ẹ fi fa ilà lórí èyí." Ó dojú táìlì funfun kan dé, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán kalẹ̀.

Tàjùdéèn tẹ òkúta náà mọ́ ọn, ó sì fà á. Ilà tó jáde kò dúdú. Àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n díẹ̀ ni, bí àtalẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀. Ó wo òkúta, ó wo táìlì. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọmọdé.

"Bí ó ṣe dúdú tó yẹn, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tòótọ́ nìyẹn," ni Fẹ̀hìntọlá wí. Ó mú òkúta mìíràn láti orí pẹpẹ, òun náà dúdú, ó fi fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Pupa ni tirẹ̀, pupa bí osùn. "Òkúta irin ni àwọn méjèèjì. Tí èèyàn bá fi ojú lásán wò wọ́n, á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ilà wọn ló ń tú àṣírí wọn."

Ó mú òòfà kan, ó sún un mọ́ òkúta inú kànga náà. Òòfà kò fà á, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe irú òkúta irin tí òòfà máa ń fà. Ó wá mú ẹrẹ̀ inú korobá, èyí tó ti sá gbẹ tí ó sì ti di ìyẹ̀fun, ó fi ìka tẹ díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilà tí bàbá rẹ̀ fà. Àwọ̀ wọn jọra wọn débi pé Tàjùdéèn ní láti bọ́ ìgò ojú rẹ̀, kí ó nù ún, kí ó tó gbà.

"Ó jọ ọ́," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ náà lè rí báyìí. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, Fẹ̀hìntọlá. Mo ti rí i púpọ̀."

Bí ó ṣe sọ ọ́ mú kí ọmọ rẹ̀ gbé òòfà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ mi, Dádì. A ó da ìyẹ̀fun yìí sínú ìgò tín-ín-rín yìí, a ó fi iná sí i nídìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ni, á jóná, á dúdú bí èédú, á sì rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó bọ́ sínú iná. Ẹ mọ òórùn yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí mo rò, kò ní rùn, kò ní dúdú. Omi ló máa yọ jáde lára rẹ̀."

"Omi? Ṣebí gbígbẹ ni."

"Ẹ máa wò ó."

Ó tan iná. Tàjùdéèn tẹ̀ síwájú, ó dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun ní ilé ìwòsàn. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara ìgò náà ṣú lókè, níbi tó tutù, bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí. Ìṣú náà kóra jọ, ó di ẹ̀kán omi wínníwínní, ọ̀kan sì ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ lára ìgò. Nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè ń yí padà. Ó pọ́n, ó ń pọ́n sí i, títí ó fi di pupa bí osùn gẹ́lẹ́. Bàbá náà na imú sí ẹnu ìgò. Ó fà á símú. Ó tún fà á.

"Kò rùn," ó wí.

"Kò rùn, Dádì."

"Kò rùn rárá."

"Góétàìtì ni orúkọ tí àwa ń pè é. Irin ni, pẹ̀lú atẹ́gùn àti omi, tí wọ́n jọ di ara kan. Omi tí ẹ rí yẹn kì í ṣe èyí tó rin ín, ara rẹ̀ gan-an ni, iná ló sì yà wọ́n. Nígbà tí omi jáde tán, ohun tó kù di òkúta kejì yẹn, èyí tó ní ilà pupa." Ó fi ìka tọ́ka sí táìlì. "Irin tó wà nínú ilẹ̀ wa ló yọ́ sínú omi kànga. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún kò sí atẹ́gùn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè rí i, bí iyọ̀ tó yọ́. Bí ó bá ti jáde síta tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á dógùn-ún, bí irin òrùlé ṣe ń dógùn-ún. Ìdógùn-ún yẹn ló ń sọ̀ sí ìdí korobá. Ó ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni wa."

 Tàjùdéèn mú ìgò náà tó ti tutù, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wo ẹ̀kán omi inú rẹ̀. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ilé ni ó sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo ti rò pé àwọn ni."

"Àwọn wo, Dádì?"

Nígbà náà ni ó sọ ọ́ fún un. Ó sọ nípa lọ́rì náà, nípa etí irà, nípa àwọn èèyàn tí ebi ti jẹ débi pé ẹnìkan lè dá gbé wọn bí ẹní. Ó sọ pé òun kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Fẹ̀hìntọlá kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka tó kún fún ìyẹ̀fun òkúta, títí ọwọ́ bàbá náà fi di àwọ̀ ìyeyè, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn láti pe ọmọ náà fún iṣẹ́ mìíràn.

Fẹ̀hìntọlá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó fi díẹ̀ nínú òkúta àti ẹrẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Olújùwọ́n, ẹni tí wọ́n jọ kàwé ní Ìbàdàn, tó ní ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán wo bí inú òkúta ṣe tò. Ó sì ní kí wọ́n yẹ omi náà wò fún kòkòrò àti fún àwọn ohun olóró mìíràn. Omi náà kò ní nǹkan kan tó lè pa èèyàn. Nígbà tó yá, Olújùwọ́n pè é lórí fóònù. Ó ní góétàìtì paraku ni òkúta náà, góétàìtì náà ló sì pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀ kéékèèké tí kò tíì gbó.

Kí ìpè yẹn tó wọlé ni Fẹ̀hìntọlá ti tú gèlè náà kúrò lára pọ́ńpù, tó sì gbé dúrọ́ọ̀mù kan wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó da iyanrìn tó ti fọ̀ lé e, ó sì gbé ọpọ́n tó dá ihò sí nídìí káàkiri sí ẹnu rẹ̀, kí omi pọ́ńpù lè máa kán bí òjò kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i dáadáa. Irin inú rẹ̀ ń dógùn-ún lójú ọ̀nà, iyanrìn sì ń gbá a mú. Èyí tó ń jáde nídìí dúrọ́ọ̀mù, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò pọ́n. Ó pe àwọn obìnrin, ó tan iná níwájú wọn, ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù wọn fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ń padà bọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ma Kebbeh nìkan ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ewébẹ̀, kò gbójú sókè.

"Mo fi han òun náà," ni Fẹ̀hìntọlá sọ fún bàbá rẹ̀. "Ó ní òun gbà pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ṣì ní òun ò mu ún."

"Mo mọ̀," ni Tàjùdéèn wí. "Kì í ṣe omi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ó kọ́kọ́ bá a ṣa ewébẹ̀ díẹ̀.

"Ma Kebbeh, nǹkan kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún yín tipẹ́. Èmi àti ẹnìkejì mi sin àwọn èèyàn kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbà ebi. Kì í ṣe ìdí pọ́ńpù ni a sin wọ́n sí. Mo mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè mú yín lọ."

Ewébẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ma Kebbeh. Ó dìde, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìborùn lórí àti bàtà lẹ́sẹ̀. "Ó yá," ó wí.

Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ gba àárín àwọn ilé onípáànù. Etí irà náà ti di oko ewé kúkúńdùnkún, ebè lórí ebè, tútù yọ̀yọ̀. Obìnrin kan tó ń bomi rin ín kí wọn, wọ́n sì kí i padà. Tàjùdéèn dúró, ó wo òkè Capitol níbi tí ilé àwọn aṣòfin wà, ó wo etí omi, ó fi ọ̀pá tọ́ka.

"Láti ibí yìí dé ibi igi yẹn."

"Ó ga," ni Ma Kebbeh wí kíákíá. "Àbúrò mi. Ó ga, ó dúdú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ṣé ẹ rí i?"

Tàjùdéèn gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí. Irọ́ kékeré kan ì bá ti tó. "Mi ò lè parọ́ fún yín," ó wí. "Mi ò rántí. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà lára wọn."

Ma Kebbeh mi orí, ó tún mi orí. 

"Àwọn tí ẹ sin, ṣé ẹ kàn kó wọn dà síbẹ̀ ni?"

"A ò dà wọ́n! A fi aṣọ bo ojú wọn, bí a bá ti rí aṣọ. Mo kírun sí wọn lára, gbogbo wọn. Mi ò mọ ẹ̀sìn ẹnì kankan, ìrun Mùsùlùmí ni mo mọ̀, òun náà ni mo kí."

Ma Kebbeh yíjú sí i. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, kí omijé tó bọ́ lé e. "Ọmọ ìjọ Bàtíìsì ni àbúrò mi, Ol' Pa! Bí ó bá wà níbí, á ti yà á lẹ́nu!" Ó gbá àyà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, obìnrin tó ń bomi rin oko sì dáwọ́ dúró, ó ń wò wọ́n. "Ẹnìkan gbàdúrà. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹnìkan gbàdúrà."

"Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́."

"Ẹ kí ìrun náà fún mi kí n gbọ́," ni Ma Kebbeh wí.

Tàjùdéèn bọ́ bàtà. Ó dojú kọ ibi tó yẹ kó dojú kọ, ó sì tún ìrun náà kí sókè, láàárín ebè ewé kúkúńdùnkún. Nígbà tí ó ṣe tán, Ma Kebbeh kọ orin ìsìn kan tí àwọn ìjọ rẹ̀ máa ń kọ nídìí sàréè, bàbá náà sì dúró títí ó fi parí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gòkè padà, obìnrin náà fún un lápá kó dì mú, nítorí ilẹ̀ ń yọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí pọ́ńpù, òùngbẹ ti gbẹ àwọn méjèèjì. Ma Kebbeh dúró, ó wo dúrọ́ọ̀mù náà.

"Princess ì bá ti bú mi," ó wí. "Ó mọ̀ ọ́n bú."

"Ó mọ̀ ọ́n bú gan-an," ni Tàjùdéèn wí, ó sì bu omi fún un.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Fẹ̀hìntọlá wá láti wá fọ iyanrìn inú dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ó bá Ma Kebbeh níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti ká dé orúnkún, ó ti kó iyanrìn náà sínú ọpọ́n, ó ń fi omi ṣan án, ẹrẹ̀ pupa ń ṣàn lọ sínú kòtò. Tàjùdéèn jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwo ìrẹsì kan wà lórí itan rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"O pẹ́ kí o tó dé," ni Ma Kebbeh wí fún ọmọ náà, láìwẹ̀yìn. "Bọ́ bàtà rẹ, wá bá mi gbé apá kejì ọpọ́n yìí."